Òrùka Tó Funfun ní Ilé Ìsàba

Fún ọdún mọ́kànlélógójì ni òrùka ìgbéyàwó Bàbá Wanis fi ń dán pupa lọ́wọ́ rẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé yìí, nígbà tí ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ Lamei Tawadros gbé e sórí tábìlì lẹ́bàá fèrèsé ọ́fíìsì rẹ̀, ńṣe ló funfun bí òjé.

"Ẹ ò rí i?" Nargis, ọmọbìnrin Bàbá Wanis, ti dìde dúró kí ẹnikẹ́ni tó bi í ní ìbéèrè. "Wúrà ìyá mi tó kú ti lọ! Ó ti jí i, ó fi páànù rọ́pò rẹ̀. Májèlé ló sì ń fún bàbá mi jẹ kí wọ́n má baà mọ̀."

"Ta ló ń jẹ́ 'ó' yẹn, ọmọ mi?"

"Febronia, ìyàwó àbúrò mi. Àbúrò mi wà ní Kuwait níbi tó ti ń mọlé fún wọn, ìyàwó rẹ̀ ló ń dáná fún bàbá nílé. Láti oṣù méjì ni ọwọ́ bàbá ti ń gbọ̀n, tí èrìgì wọn ń ṣẹ̀jẹ̀, tí wọn ò rí oorun sùn. Mo gbé wọn wá sílé mi fún ọjọ́ méje, wọ́n jẹ oúnjẹ tèmi, ara wọn bẹ̀rẹ̀ sí í yá. Wọ́n padà sọ́dọ̀ rẹ̀, ó tún burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Kí la tún ń wá?"

Hazim, ọ̀dọ́ ọlọ́pàá tí wọ́n fi ẹjọ́ náà lé lọ́wọ́, kan ìwé rẹ̀ mọ́ àyà. "Ọ̀gá, èmi ò rí nǹkan kan tó ṣókùnkùn níbẹ̀. Kí oòrùn tó wọ̀, màá gbé obìnrin náà lọ sí ìlú Tanta. Tó bá dé àtìmọ́lé, á jẹ́wọ́."

Lamei mú òrùka náà lórí tábìlì. Ọkùnrin náà sanra, ó ti lé díẹ̀ ní ọgọ́ta ọdún, ó sì ń kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ wọn. Bí ọ̀rọ̀ bá ta kókó, orin ìjọ ló máa ń fi imú kọ lábẹ́lẹ̀. Ó ń kọ ọ́ lọ́wọ́ báyìí. Ó yí òrùka náà sí ìmọ́lẹ̀, ó sì nà án sí Nargis.

"Bá mi ka inú rẹ̀. Ojú mi ti ń ṣe bàìbàì."

Nargis wò ó. Ohùn rẹ̀ wálẹ̀. "Matilda. Orúkọ ìyá mi ni. Ọjọ́ ìgbéyàwó wọn ló tẹ̀ lé e."

"Olè tó fi páànù rọ́pò wúrà ló tún jókòó fín orúkọ ìyá yín sí i?"

"Ọ̀gá, ọlọ́gbọ́n ni ọmọbìnrin yẹn o!" Hazim fèsì.

"Á gbọ́n gan-an ni," Lamei wí, ó sì dé fìlà rẹ̀.

*

Alágbẹ̀dẹ wúrà tó ta òrùka náà ṣì wà láyé, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò jìnnà. Ó gbé òrùka náà sórí ìwọ̀n, ó ká ojú kò, ó sì fi ayùn kékeré ha ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Pupa yọ lábẹ́ funfun.

"Wúrà mi ni. Kò sẹ́ni tó pààrọ̀ rẹ̀. Ó kàn mu nǹkan ni."

"Kí ló mu?"

"Mákúrì. Fàdákà tó ń ṣàn bí omi, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Wúrà tó bá fara kàn án á mu ún bí búrẹ́dì ṣe ń mu ọbẹ̀."

"Ṣé ẹ lè fi iná yọ ọ́ fún mi báyìí?"

Alágbẹ̀dẹ náà fa òrùka sẹ́yìn bí ẹni pé wọ́n fẹ́ gba ọmọ rẹ̀. "Nínú ṣọ́ọ̀bù mi? Ẹ jọ̀ọ́! Bí iná bá kàn án, afẹ́fẹ́ ló máa dà, ojú ò sì ní rí i. Ẹni tó bá ń fà á símú lójoojúmọ́ ti gba àlejò tí kì í lọ. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ fi mákúrì ṣe iṣẹ́ wúrà títí tó fi darúgbó. Nígbà tó ku díẹ̀ kó kú, kò lè gbé ife tíì dé ẹnu, gbígbọ̀n ni ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n."

Orin dúró ní imú Lamei. Ó dúpẹ́, ó sì jáde kíákíá.

*

Nígbà tó dé ilé Bàbá Wanis, Hazim dúró láàárín ilé ìdáná tòun ti ọ̀rá kékeré kan lọ́wọ́, ó ń rẹ́rìn-ín ìṣẹ́gun.

"Lẹ́yìn iyọ̀ ni mo ti bá a, Ọ̀gá! Ẹ wo ìyẹ̀fun funfun!"

Febronia jókòó lórí àpótí, ọlọ́pàá obìnrin kan dúró tì í. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni, omi ti gbẹ lójú rẹ̀. Síbẹ̀, ẹ̀rín fẹ́ẹ̀ já mọ́ ọn lẹ́nu.

"Ọ̀gá ọlọ́pàá, káún ni. Ṣé ìyá yín kì í fi káún se ẹ̀wà ni? Báwo ló ṣe ń rọ̀?"

Lamei bu díẹ̀ sínú abọ́, ó da ọtí kíkan lé e. Ó hó yaa, ìfófó rẹ̀ sì yọ. "Káún ni," ó wí. "Hazim, dá nǹkan obìnrin padà síbi tí o ti mú un." Ó kọjú sí Febronia. "Ọmọ mi, ṣé òótọ́ ni pé ara bàbá yá nígbà tí wọ́n wà lọ́dọ̀ Nargis?"

"Òótọ́ ni, sà. Èmi náà rí i. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n padà síbẹ̀, wọ́n ní ta ló máa bá àwọn yí ẹyin nílé ìsàba, níbi tí àwọn ti ń fi iná sàba fún ẹyin."

Lamei mi orí. Ta ló ń pa ènìyàn tó tún ń bẹ̀ ẹ́ pé kó sá lọ?

Bàbá Wanis wà lórí ibùsùn ní yàrá kejì. Ife itọ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì ń jó lórí aṣọ ìbora láìsí onílù. Bí ó ṣe rí Lamei, ó gbìyànjú láti dìde.

"Ìwọ lo kó àwọn ọlọ́pàá yìí wọlé mi? Sọ fún wọn kí wọ́n fi ọmọ yẹn sílẹ̀! Mo bí ọmọ méjì, òun ni mo fi ṣe ìkẹta. Nígbà tí mi ò lè di bọ́tìnì mi mọ́, ta ló ń bá mi di í?" Bí ó ṣe ń bínú, bẹ́ẹ̀ ló ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, ojú sì tì í.

Lamei jókòó lẹ́sẹ̀ ibùsùn. "Bàbá, kí lẹ ti ń jẹ?"

"Kí lo rò pé mò ń jẹ? Ààwẹ̀ la wà. Ẹ̀wà, epo, búrẹ́dì."

"Ẹ̀yin nìkan lẹ ń jẹ ẹ́?"

"Èmi àti Abdel-Barr tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ni. Òun náà ń gbààwẹ̀ àwọn Mùsùlùmí, ààwẹ̀ méjèèjì wọnú ara wọn lọ́dún yìí. Mi ò jẹun lójú rẹ̀ rí nígbà tó bá ń gbààwẹ̀. Bí oòrùn bá wọ̀, tí wọ́n bá pe ìrun, àwa méjèèjì á jókòó ti àwo kan ṣoṣo. Ọgbọ̀n ọdún rèé."

"Àwo kan ṣoṣo," Lamei tún un sọ, ó sì dìde.

*

Ilé ìsàba náà wà lẹ́yìn ilé, alámọ̀, kò ní fèrèsé. Ààrò mẹ́fà wà nínú rẹ̀, mẹ́ta lọ́tùn-ún, mẹ́ta lósì. Ihò tí ènìyàn ń rá kòrò wọ̀ wà lẹ́nu ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹyin ló ń gba ooru nínú wọn, láìsí àgbébọ̀ kan tó sàba lé wọn. Abdel-Barr ń bu pòpórò gígún sí kòtò iná.

"Alàgbà Abdel-Barr, ṣé ara le?"

"Ó le bíi ti ìbaaka, Ọ̀gá. Ìyàwó mi ní orí náà le bẹ́ẹ̀."

"Ẹ̀yin àti Bàbá Wanis lẹ jọ ń jẹ oúnjẹ Febronia láti oṣù méjì yìí, nǹkan kan ò sì ṣe yín?"

"Kí ló máa ṣe mí? Bí Febronia bá sè é, èèyàn á fẹ́ lá àwo." Ó tún bu pòpórò sínú iná. "Àfi ọ̀sẹ̀ kan ṣá."

"Ọ̀sẹ̀ wo?"

"Ọ̀sẹ̀ tí Wanis lọ sọ́dọ̀ Nargis. Mo sùn síbí dípò rẹ̀ kí n lè máa yí ẹyin. Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹta, orí fọ́ mi, ẹnu mi ń ta bíi ti ẹni tó lá owó onírin. Ọwọ́ ìyàwó mi sì ni mo ti ń jẹun lọ́sẹ̀ yẹn. Mo ní ilá rẹ̀ ló ṣe mí báyìí. Ọ̀gá, kò bá mi sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ méjì!"

Lamei di apá rẹ̀ mú. "Ibo gan-an lẹ sùn?"

"Ibi tí Wanis máa ń sùn. Ààrò kẹta, lókè, níbi tó móoru jù."

"Ẹyin inú rẹ̀ ńkọ́?"

"Ó bàjẹ́. Ẹ̀ẹ̀mejì! Àwọn márùn-ún tó kù ń pamọ dáadáa, ti kẹta ń kú sínú èèpo. Wanis ní ojú burúkú àwọn aráyé ni."

Inú Lamei ń dùn, ẹ̀rù sì ń bà á. Ẹnì kan kúrò nínú ààrò kẹta, ara rẹ̀ yá. Ẹlòmíràn wọ ibẹ̀, ara rẹ̀ kò dá. Àwọn ẹyin tí kò lẹ́sẹ̀ tí wọn ì bá fi sá kú sínú rẹ̀. Àwo oúnjẹ kò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀. Ó gbójú sókè, ó rí àwọn ọ̀pá gíláàsì tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi kọ́ ara ògiri, ìlà fàdákà kọ̀ọ̀kan sì wà nínú wọn.

"Tẹmómítà wọ̀nyẹn?"

"Àwọn aṣojú iṣẹ́ àgbẹ̀ ló kó wọn wá lọ́dún mẹ́rin sẹ́yìn. Wanis fi wọ́n ṣẹ̀sín débi tó lè ṣẹ̀sín dé. Ó ní ṣé Ọlọ́run ò fún òun ní ìpéǹpéjú ni? Ẹyin ni a máa ń gbé lé ìpéǹpéjú, Ọ̀gá. Ojú á sọ bó bá tutù, á sì sọ bó bá gbóná jù. Bí bàbá rẹ̀ ṣe kọ́ ọ nìyẹn. Bí èmi bá wo gíláàsì pẹ́nrẹ́n, á ní, 'Ẹ bá mi kí Abdel-Barr olójú ìgò o!'"

"Mélòó ni wọ́n kó wá?"

"Mẹ́wàá."

Mẹ́sàn-án ni Lamei kà. Ìṣó kẹwàá ṣófo.

"Mo rò pé ó fọ́ ọ pẹ̀lú ìbínú ni," Abdel-Barr wí. "Ta ló máa bi Wanis léèrè gíláàsì?"

Lamei fi aṣọ bo imú, ó kúnlẹ̀ lẹ́nu ààrò kẹta, ó tan tọ́ọ̀ṣì sínú rẹ̀. Ẹní kan ló wà níbẹ̀, àti ìrọ̀rí. Létí ìrọ̀rí gan-an, nínú ilẹ̀ alámọ̀ tó là, nǹkan kékeré kan ṣẹ́jú sí i bí ojú ẹja. Ó fa orí rẹ̀ jáde kíá.

"Ẹ pa iná ààrò yìí. Ẹ ṣí gbogbo ihò òrùlé. Kí ẹnikẹ́ni má wọ ibẹ̀ mọ́."

Hazim ti dé lẹ́yìn wọn. Nígbà tó gbọ́ àlàyé, ojú rẹ̀ kò rọ̀. "Ó dára, mákúrì ni, kì í ṣe oúnjẹ. Ta ló wá dà á síbẹ̀? Febronia ló ń gbé oúnjẹ wá síbí. Òun ló lè yọ́ wọlé fọ́ ọ sétí ìrọ̀rí bàbá. Màá ṣì gbé e lọ ni, Ọ̀gá. Ó ku wákàtí kan."

*

Lamei fi ẹyin méjì sínú abọ́ omi méjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ó sì fi ọ̀kan nínú àwọn tẹmómítà mẹ́sàn-án náà wọn omi wọn. Ó gbé wọn lọ bá Bàbá Wanis, ó ti ilẹ̀kùn.

"Bàbá, ẹ kọ́ mi níṣẹ́ yín díẹ̀. Ọ̀kan nínú ẹyin wọ̀nyí ní ooru tó tọ́. Èkejì gbóná débi pé ọmọ inú rẹ̀ á kú. Èwo ni kí n mú?"

Bàbá gbé ẹyin kan lé ìpéǹpéjú ọ̀tún. Ó gbé e kúrò. Ó gbé èkejì lé e. Ó tún padà sí ti àkọ́kọ́. Òógùn yọ níwájú orí rẹ̀.

"Eléyìí," ó wí nígbẹ̀yìn.

Lamei gba ẹyin náà. Èyí tó gbóná jù ni. Bàbá Wanis wo ojú rẹ̀, ó sì mọ̀.

"Ó ti tó ọdún kan," ó sọ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. "Mo jí lọ́jọ́ kan, mo gbé ẹyin lé ojú, kò bá mi sọ̀rọ̀. Bí ìgbà tí èèyàn kan ilẹ̀kùn ilé ọ̀rẹ́ tí kò sẹ́nì kan nínú ilé. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í mú gíláàsì wọlé ní ìdájí, kí Abdel-Barr tó dé."

"Ó sì bọ́ lọ́wọ́ yín."

"Ọ̀sẹ̀ ọdún Ìtẹ̀bọmi Olúwa, oṣù méjì sẹ́yìn. Ó fọ́. Nǹkan inú rẹ̀ pín wẹ́wẹ́, ó ń sá káàkiri bí òròmọdìẹ. Mo fi ọwọ́ gbá a jọ sínú ilẹ̀ tó là. Mo rò pé á gbẹ bí omi. Ta ni mo fẹ́ sọ fún, Lamei? Mo ti fi gíláàsì yẹn ṣe yẹ̀yẹ́ lójú gbogbo abúlé. Abdel-Barr tó ń wọlé bọ̀ bi mí lọ́jọ́ yẹn ohun tó dún, mo parọ́ fún un pé ẹyin ni. Kó tó di ọ̀sán, òrùka mi funfun. Mo fi aṣọ wé e títí Nargis fi tú u. Mo gbà pé Matilda ló ń bínú sí mi lọ́run, nítorí irọ́ tí mo pa."

Ọ̀rọ̀ náà dun Lamei débi pé ó gbá ọwọ́ tó ń gbọ̀n náà mú, ó sì pa á mọ́ láàárín ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì.

"Matilda ò bínú, Bàbá. Mákúrì ló mú òrùka. Nígbà tó wà nínú gíláàsì, ìránṣẹ́ rere ni, kì í parọ́ ooru fún ẹnikẹ́ni. Bó bá ti jáde, èémí burúkú ló ń mí, kò lóòórùn, ojú ò sì rí i, ooru ló sì ń fún un lágbára. Ká ní ẹ gbé e mì, bóyá ì bá gba inú yín kọjá láìṣe nǹkan tó pọ̀. Mímí lẹ ń mí i. Ẹ ti imú bọ̀ ọ́ nínú ilé tó gbóná jù lábúlé yìí, lóru fún oṣù méjì. Àánú Ọlọ́run ni mo fi ń bá yín sọ̀rọ̀. Dókítà wà tó lè tọ́jú rẹ̀, òní náà lẹ máa lọ."

"Abúlé ńkọ́?"

"Màá kọ ọ́ sínú ìwé. Màá sọ ọ́ sétí Hazim nìkan. Kò sídìí tí ẹlòmíràn á fi gbọ́."

Bàbá Wanis mí kanlẹ̀. Bí ẹni tí wọ́n sọ ẹrù rẹ̀ ló rí. Àmọ́ lákòókò yẹn gan-an, ọkọ̀ ọlọ́pàá dún níta. Ohùn àwọn èèyàn wọlé láti ojú fèrèsé. Àwọn tó gbé ẹyin wá láti oko kún àgbàlá. Ẹnì kan pariwo pé, "Apànìyàn! Ẹ wò ó, ojú rẹ̀ gan-an!"

Bàbá gbé ẹsẹ̀ sílẹ̀.

"Bàbá, ẹ jókòó, màá lọ bá wọn sọ̀rọ̀."

"Lamei, ẹni tí wọ́n ba orúkọ rẹ̀ jẹ́ ní gbangba, ṣé inú yàrá la ó ti fọ̀ ọ́ mọ́? Fún mi lọ́pàá mi."

*

Ó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn. Ìdajì abúlé wà níbẹ̀. Febronia ti wà nínú ọkọ̀, ó dorí kodò.

"Ẹ gbọ́ o!" Ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n bí ọwọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo wọn gbọ́. "Ìpéǹpéjú mi ti kú. Láti ọdún kan. Gbogbo ẹyin tí ẹ ń gbé wá fún mi, gíláàsì ni mo fi ń wò ó. Mo fọ́ ọ̀kan, mo fi pamọ́ sábẹ́ orí ara mi. Májèlé náà nìyẹn. Èmi ni mo fún ara mi. Ọmọ yẹn ò ṣe nǹkan kan ju pé ó ń bá mi di bọ́tìnì."

Abdel-Barr ló kọ́kọ́ la ẹnu.

"Ọdún kan! Ọdún kan gbáko lo fi ń pè mí ní olójú ìgò!"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Àṣé ìwọ náà ń wò ó!"

"Lójoojúmọ́, Abdel-Barr."

Abdel-Barr lọ síbi tó dúró sí, ó fi apá méjèèjì gbà á mọ́ra, ẹ̀rín àti ẹkún dàpọ̀ mọ́ ọn lójú. "Aláìmoore àgbà! Ká ní o sọ fún mi, a ò bá ti jọ máa wò ó."

Hazim wo Lamei. Lamei mi orí sí i. Ọ̀dọ́kùnrin náà rìn lọ ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀, ó sì sọ lójú gbogbo èèyàn pé, "Ẹ má bínú, ìyá. Mo ṣì yín mú." Febronia sọ̀kalẹ̀, kò wo ẹnikẹ́ni. Ọ̀dọ̀ bàbá ló lọ tààrà, ó sì ki ọwọ́ bọ abẹ́ apá bàbá.

Lamei bẹ̀rẹ̀ sí í pàṣẹ. Kí ẹnikẹ́ni má fi ìgbálẹ̀ gbá ààrò kẹta, ìgbálẹ̀ á pín in wẹ́wẹ́ sí i. Kí ẹnikẹ́ni má fi ọwọ́ lásán kàn án. Kí wọ́n jẹ́ kí afẹ́fẹ́ fẹ́ wọ ibẹ̀ títí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera á fi dé lọ́la, tí wọ́n á kó o sínú ìgò tó ní ìdérí, pẹ̀lú ẹní, ìrọ̀rí àti amọ̀ tó là. Kí àwọn ọmọdé jìnnà síbẹ̀. Kí Abdel-Barr náà wá, kí dókítà wo òun náà.

"Mi ò kọ̀," Abdel-Barr wí. "Ṣùgbọ́n ẹ bá mi sọ fún ìyàwó mi pé kì í ṣe ilá."

Nargis ti dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga látìgbà tí bàbá rẹ̀ ti ń sọ̀rọ̀. Nígbà tí wọ́n ń ran bàbá lọ́wọ́ láti jókòó sẹ́yìn ọkọ̀, ó sún mọ́ wọn, ó dúró níwájú ìyàwó àbúrò rẹ̀.

"Ìyàwó," ó wí, "ẹ ó pẹ́ kí ẹ tó dé. Mo fẹ́ se ọbẹ̀ ẹ̀wà pupa de Bàbá." Ó wo ilẹ̀. "Báwo ni wọ́n ṣe ń fẹ́ ẹ nísinsìnyí?"

Febronia ń tẹ́ aṣọ sẹ́yìn bàbá kí ara má baà ni í. Ó yíjú padà.

"Kí ó rọ̀ dáadáa, Àǹtí. Ẹ má fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, á ta èrìgì wọn. Ẹ jẹ́ kó tutù díẹ̀ kí ẹ tó gbé e fún wọn, kí ẹ sì bu ún sínú ife, kì í ṣe abọ́. Ife ni wọ́n lè dì mú."

"Ife," Nargis wí. Ó ń mi ètè jẹ́jẹ́, ó ń há a sórí.